Michelle, Màmá Ti Bá Àwọn Oyin Rẹ Sọ̀rọ̀

Ọdún kẹta nìyí, Michelle, tí oṣù kejì ń dé bá wa nílé láìsí ìwọ.

Yorùbá la fi ń kọ eléyìí sí ọ, torí ìwọ lo sọ pé lẹ́yìn gbogbo làálàá tí o ṣe ní kíláàsì èdè tí ṣọ́ọ̀ṣì wa ń ṣe láàárọ̀ Sátidé, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi Gẹ̀ẹ́sì kọ nǹkan sí ọ mọ́ nínú ẹbí yìí. O sì gbọ́ Yorùbá lóòótọ́. Ohùn ọ̀rọ̀ àti ìkíni nìkan ló máa ń dà ọ́ láàmú. "Ẹ kú iṣẹ́" lo fi ń kí gbogbo ènìyàn, títí kan ẹni tó ń sùn lórí àga. A ṣì ń fi í rẹ́rìn-ín.

Lọ́dún àkọ́kọ́, a jókòó láti kọ nǹkan, a ò rí i kọ. Lọ́dún kejì, a kọ díẹ̀, ẹkún gba ìyókù. Lọ́dún yìí, ara tù wá, ìròyìn sì wà lẹ́nu wa. Ti Màmá la fẹ́ sọ fún ọ jù, torí àwọn ni ọ̀rọ̀ àwọn oyin rẹ já lé léjìká.

Màmá Adétóun, ìyá Dàpọ̀ ọkọ rẹ, olùkọ́ tó fẹ̀yìn tì láti Ìṣẹ́yìn. Láti ìgbà tí Ọpẹ́olúwa, ọmọ kan ṣoṣo tí o bí, ti bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń bá yín gbé ní Carrollton, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dallas, nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ẹ̀yìnkùlé. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wo àpótí oyin rẹ méjèèjì, funfun báláú, lábẹ́ igi tó wà létí ọgbà. Màmá fẹ́ràn rẹ, gbogbo ayé ló mọ̀. Àwọn àpótí yẹn ni wọn ò fẹ́ràn.

Ọjọ́ tí Dàpọ̀ rí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tuntun ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Inú gbogbo wa ń dùn. Màmá yọjú lójú fèrèsé, wọ́n rí ọ tí o bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú àpótí, tí o ń fi ìka kàn án pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn àgbàlagbà, tí o sì ń fi èdè kan tí wọn ò gbọ́ rí sọ̀rọ̀. Nígbà tí o wọlé, wọ́n bi ọ́ pé, "Michelle, ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Àwọn oyin ni, Mà. Mò ń sọ fún wọn pé Dàpọ̀ ti ríṣẹ́. Ará ilé ni wọ́n, ó yẹ kí wọ́n gbọ́."

O jókòó tì wọ́n, o ṣàlàyé. Láti Lituéníà, ní Yúróòpù lọ́hùn-ún, ni ìyá ìyá rẹ ti wá sí Amẹ́ríkà. Ní abúlé tí wọ́n ti bí i, bí wọ́n bá ṣègbéyàwó nínú ilé, wọ́n á lọ sọ fún oyin. Bí wọ́n bá bímọ, wọ́n á sọ. Bí ẹnì kan bá kú, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ lọ kan àpótí kó sọ ọ́, torí oyin tí kò bá gbọ́ lè bínú lọ, ó sì lè kú tẹ̀lé ẹni tó ni ín. O ní kí ṣọ́ọ̀ṣì tó dé ọ̀dọ̀ wọn, àwọn baba ńlá rẹ ní òrìṣà oyin kan, obìnrin ni, Austėja ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì máa ń da ọtí oyin sókè sí àjà ilé fún un lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ẹ̀rín lo fi sọ ọ́, bí ẹni ń sọ ìtàn àtijọ́. Òrìṣà nìkan ni Màmá gbọ́ nínú gbogbo rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, oyin tí o bá fún kò wọ inú ẹ̀kọ wọn mọ́. Ìgò oyin kan tí wọ́n rà ní ṣọ́ọ̀bù ní Allen ni wọ́n ń lò, wọ́n sì ń gbé e pamọ́ sí yàrá kí o má baà rí i. O rí i, Michelle. A mọ̀ pé o rí i.

Lẹ́yìn náà ni jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ dé. A ò ní tún ìyẹn sọ. O wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, nígbà tí àwọn èrò ti ń dín kù nílé, Ọpẹ́ lọ bá Màmá ní kíṣìnnì. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni nígbà náà. Fìlà rẹ tí o máa ń dé tí o bá ń tọ́jú oyin, èyí tó ní àwọ̀n, wà lọ́wọ́ rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́, bó ṣe máa ń ṣe tí ọkàn rẹ̀ bá wúwo, pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ lọ sọ fún àwọn oyin, Dádì kò lè ṣe é, òun náà ò sì lè dá a ṣe.

Màmá nu ọwọ́ wọn. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, onígbàgbọ́ ni wá. A kì í lọ túfọ̀ fún kòkòrò."

Dàpọ̀ wà nídìí tábìlì. Ó kàn ń wo ilẹ̀. Ọpẹ́ gbé fìlà náà lọ sí yàrá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, láti ọjọ́ yẹn ni ilé sì ti tutù. Á kí Màmá láàárọ̀, "Good morning, ma," bí ẹni ń kí ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì, á sì fi búrẹ́dì ṣe oúnjẹ jẹ. Ọbẹ̀ Màmá, tó jẹ́ pé òun ló ń lá ìkòkò rẹ̀ láti kékeré, kò fọwọ́ kàn án.

Oṣù kẹrin dé, àwọn igi Dallas rú ewé. Màmá ń bó ẹ̀wà lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí wọ́n gbọ́ ariwo bí ìgbà tí mọ́tò ńlá ń bọ̀. Wọ́n gbójú sókè. Oyin ń tú jáde nínú àpótí ọwọ́ òsì bí èéfín, wọ́n pọ̀ débi pé ògiri aládùúgbò ṣókùnkùn. Wọ́n yí po lókè ọgbà, wọ́n fò kọjá òrùlé, wọ́n sì gba ọ̀nà márosẹ̀ lọ. Gbogbo rẹ̀ kò pẹ́ rárá. Màmá dúró síbẹ̀, omi ẹ̀wà ń kán lọ́wọ́ wọn.

Nígbà tí Ọpẹ́ ti ilé ìwé dé tí ó gbọ́, kò sunkún, kò pariwo. Ó wo Màmá, ó ní, "Mo sọ fún yín." Ó wọlé lọ.

Michelle, ọ̀rọ̀ yẹn ló dun Màmá jù. Inú wọn dàrú. Bó bá jẹ́ pé lóòótọ́ ni oyin lọ torí pé ẹnikẹ́ni kò sọ fún wọn, á jẹ́ pé agbára kan wà níbẹ̀ tí Màmá ò fẹ́ dá sí. Bí kò bá sì jẹ́ òótọ́, kí ló dé tí wọ́n lọ? Ohun kan dá wọn lójú, pé nǹkan alààyè tí o fi sílẹ̀, ọwọ́ àwọn ló ti bọ́. Wọ́n á kúnlẹ̀ láti gbàdúrà, àdúrà náà kò ní lọ. Wọ́n ń rù.

Bí ọ̀sẹ̀ ṣe ń parí lọ, Dàpọ̀ kéde pé òun ti rí ọkùnrin kan ní Lake Highlands tí yóò wá ra àpótí tó kù ní Sátidé. Ọpẹ́ ní wọn kì í ta oyin. Ó ní Mummy sọ pé ńṣe ni wọ́n ń fún ènìyàn, ẹni tí wọ́n bá sì fún á di ẹbí wọn títí ayé.

"Mummy rẹ ti kú, Ọpẹ́," Dàpọ̀ wí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó dìde, ó jáde lọ jókòó sínú ọkọ̀ níwájú ilé, kò tan iná ọkọ̀, kò lọ síbì kankan.

Ìgbà yẹn ni ọmọ rẹ mú fóònù rẹ àtijọ́, ó wá nọ́ńbà George, ẹ̀gbọ́n rẹ, ó sì pè é.

O mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Allen ni George ń gbé, kò jìnnà, síbẹ̀ kò wá sí ìgbéyàwó rẹ, kò fẹsẹ̀ tẹ ilé wa rí. Ohun tó sọ nípa ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tí o fẹ́, a ò ní tún un sọ níbí. Nígbà ìsìnkú rẹ, ẹ̀yìn pátápátá ló dúró sí, ó sì ti lọ kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ àwọn ènìyàn lọ́wọ́. Ọmọ rẹ kò bá a sọ̀rọ̀ rí láyé. Ohun tó kọ́kọ́ sọ fún un lórí fóònù ni pé, "Oyin Mummy ti lọ, wọ́n sì fẹ́ ta ìyókù."

Láàárọ̀ Sátidé, aago ẹnu ọ̀nà dún. Màmá ló ṣílẹ̀kùn. Ọkùnrin gìrìwò kan dúró síbẹ̀, ó jọ ọ́ gan-an, ó ká fìlà rẹ̀ mọ́ra, kò lè gbé orí sókè.

"Ẹ káàárọ̀, Mà," ó wí. Ohùn rẹ̀ kò tọ́, àmọ́ Yorùbá ni. Ó ti bi Ọpẹ́ lórí fóònù bí wọ́n ṣe ń kí àgbàlagbà nínú ilé náà.

Màmá yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún un. "Káàárọ̀, ọmọ mi," wọ́n dáhùn. "Wọlé, kí o mu omi."

Kò mu ju ìdajì lọ tó fi bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Ó wọ aṣọ funfun rẹ̀, ó tan èéfín tí wọ́n fi ń mú oyin rọlẹ̀, ó lọ tààrà síbi àpótí ọwọ́ òsì, èyí tí a ti gbà pé ó ṣófo, tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò tíì sún mọ́. Ó ṣí i. Ó fa férémù kan yọ, igi pẹlẹbẹ tí oyin ń kọ́lé sí, ó gbé e sókè sí oòrùn. Oyin bò ó bámúbámú.

"Wọ́n wà níbí," ó wí.

Màmá jáde sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì olùkọ́ wọn bi í léèrè pé ṣebí wọ́n ti lọ, ṣé kì í ṣe torí pé ẹnikẹ́ni kò sọ fún wọn pé ẹni tó ń tọ́jú wọn ti kú ni wọ́n ṣe lọ?

George bọ́ àwọ̀n ojú rẹ̀. "Rárá o, Mà. Ilé ló kún. Ní gbogbo ìgbà ìrúwé, tí àpótí bá ti kún jù, ìyá oyin àgbà á kó ìdajì wọn, á lọ wá ilé tuntun. Ìdajì yòókù á dúró, wọ́n á tọ́ ìyá tuntun. Ẹ wò ó, òun ni wọ́n ń tọ́ níbí yìí. Ká ní Michelle wà ni, á ti pín wọn láti oṣù tó kọjá. Kò sí nǹkan tí ẹ ṣe."

Kò sí nǹkan tí ẹ ṣe. Michelle, Màmá jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú éépìrọ́ọ̀nù nídìí wọn, wọ́n mí kanlẹ̀. Ẹni tó bá rí wọn lọ́jọ́ náà á rò pé ẹrù igi ni ẹnì kan sọ̀ lórí wọn.

Dàpọ̀ tẹ ọkùnrin Lake Highlands láago pé kó má wá mọ́.

Ọ̀rọ̀ Màmá ò tíì tán. Wọ́n pe George jókòó, wọ́n bi í léèrè òrìṣà yẹn. George rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní nínú ìwé ni òun àti ìwọ ti ka orúkọ Austėja nígbà tí ẹ ti dàgbà. Ìyá ìyá yín ní Ṣíkágò, kò pa ìsìn Máàsì àwọn Kátólíìkì jẹ lọ́jọ́ Àìkú kan. Nígbà tí bàbá ìyá yín kú, òun ló mú George lọ́wọ́ lọ sídìí àpótí. Ó fi ọwọ́ ṣe àmì àgbélébùú, ó gba Àdúrà Olúwa, ó kan àpótí, ó sì sọ fún wọn.

"Kí ló dé tó fi ń ṣe é?" Màmá béèrè.

"Ó ní kò yẹ kí ará ilé jẹ́ ẹni ìkẹyìn tó máa gbọ́ ikú ará ilé." George ní lédè wọn, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń sọ pé ajá kú tàbí ẹran kú yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń lò fún ènìyàn. Nínú gbogbo ohun ọ̀sìn wọn, oyin nìkan ló ń kú bí ènìyàn.

Olùkọ́ èdè ni Màmá jẹ́. Wọ́n mi orí. "Àwa náà kì í kàn sọ pé ọba kú," wọ́n wí. Lẹ́yìn náà, ọjọ́ tí o wọlé ọkọ ni wọ́n ń rántí, ní apartment yín àkọ́kọ́. Wọ́n ti bomi tútù sínú abọ́, wọ́n ní kí o bọ́ bàtà, wọ́n sì da omi náà sí ẹsẹ̀ rẹ lẹ́nu ọ̀nà, bí wọ́n ṣe dà á sí ẹsẹ̀ tiwọn ní Ìṣẹ́yìn, lójú bàbá ọkọ wọn tó jẹ́ àgbà ìjọ. O kò bi wọ́n pé òrìṣà wo ló ni omi. O kàn ní ó tutù, o sì na ẹsẹ̀ kejì.

"Ọpẹ́," Màmá pè. "Lọ gbé fìlà ìyá rẹ wá. Báwo ni wọ́n ṣe ń kàn án?"

Ọmọ náà kọ́kọ́ wò wọ́n bóyá wọ́n ń ṣeré. Nígbà tó rí i pé wọn ò ṣeré, ó sáré wọlé. Fìlà náà kò fẹ́ gba orí Màmá pẹ̀lú ìborí, Ọpẹ́ sì bá wọn fà á títí ó fi wọlé. Ó fi hàn wọ́n bí wọ́n ṣe ń fi eegun ìka kàn án. Màmá bẹ̀rẹ̀, eékún wọn ń dún, wọ́n kan àpótí ọwọ́ òsì.

"Ẹ̀yin oyin, ẹ káàárọ̀ o. Èmi ni ìyá ọkọ Michelle. Ẹ má bínú pé ó pẹ́ kí n tó wá. Michelle tó ń tọ́jú yín ti kú. Nínú oṣù kejì ni. Ó jẹ̀rora, àmọ́ kò dá wà, gbogbo wa la yí i ká. Ọkọ rẹ̀ kò tíì lè sọ ọ́, ìdí nìyí tó fi jẹ́ èmi. Àwa ló kù tí yóò máa tọ́jú yín. A ò mọ̀ ọ́n ṣe bíi tirẹ̀. Ẹ bá wa gbé bẹ́ẹ̀."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ Bàbá wa tí ń bẹ ní ọ̀run. Ní ìdajì rẹ̀, a gbọ́ ohùn ọkùnrin lẹ́yìn wa. Dàpọ̀ ni. Ó lọ síbi àpótí kejì, ó kàn án fúnra rẹ̀, ó gbé iwájú orí lé e, ó sì sọ fún wọn pé ìyàwó òun ti kú. Ẹkún tí a ti ń retí láti ọjọ́ ìsìnkú wá jáde. Oyin kankan kò ta á. Ọpẹ́ gbé orí lé èjìká Màmá.

George dúró sí ìdí ọgbà títí gbogbo rẹ̀ fi rọlẹ̀. Ó wá bá Dàpọ̀, ó ní, "Ó yẹ kí n ti wá sí ìgbéyàwó yín."

"Ó yẹ kí o wá," Dàpọ̀ dá a lóhùn. Ó nu ojú. "Ṣé o ti jẹun?"

Ọ̀rọ̀ ìyókù wọn, àárín àwọn méjèèjì ló wà. Kò parí lọ́jọ́ kan. Àmọ́ ọkùnrin yẹn jẹ mọ́ínmọ́ín mẹ́ta lọ́sàn-án náà, Ọpẹ́ sì jẹ méjì, oúnjẹ Màmá.

Ọ̀rọ̀ náà dé ṣọ́ọ̀ṣì, kò ṣàì dé. Arábìnrin kan lọ sọ fún Pásítọ̀ pé Màmá ń bá kòkòrò sọ̀rọ̀. Pásítọ̀ wá sílé. Màmá sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìfi ọ̀kan pamọ́, títí kan àdúrà tí wọ́n gbà. Pásítọ̀ ronú títí, ó ní òun ò rí ẹni tí wọ́n bọ níbẹ̀, ẹni tí wọ́n tù nínú lòun rí, ìyẹn sì ni Dàpọ̀, ọmọ wọn. Nígbà tó ń lọ, ó béèrè ìgò oyin kan.

Nígbà ìrúwé tó tẹ̀ lé e, àpótí méjèèjì kún. Lọ́tẹ̀ yìí a ò jẹ́ kí wọ́n lọ. George kọ́ Dàpọ̀ bí wọ́n ṣe ń pín wọn, ó sì gbé apá kan lọ sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní Allen. Lédè Lituéníà, bičiulis ni wọ́n ń pe àwọn tó jọ ní oyin irú kan náà, ó ní inú orúkọ oyin ni wọ́n ti fa ọ̀rọ̀ náà yọ, ó sì ju ọ̀rẹ́ lọ. Màmá kọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é láti àárọ̀ di ọ̀sán. Wọ́n wá ń fi pe George báyìí, ohùn Ìṣẹ́yìn ni wọ́n sì fi ń pè é. Ọjọ́ Àìkú kì í kọjá kó má yọjú.

Michelle, àwọn ohun mìíràn nìyí. Ọpẹ́ ti wọ yunifásítì ní Austin, oṣù kẹjọ ni yóò lọ. Ó ní nọ́ọ̀sì lòun máa ṣe bíi tìrẹ, lọ́sẹ̀ tó kọjá ó tún ní bóyá òun ò ní ṣe é, a sì fi í sílẹ̀ kó rò ó. Dàpọ̀ ti kan òrùlé sí ẹ̀yìnkùlé, èyí tí o ń bẹ̀ ẹ́ sí láti ọdún gbọọrọ. Ó tẹ̀ díẹ̀ lápá kan. Ó ti ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó ń ti inú wá. Apá ọ̀tún bẹ́ẹ̀dì ló ṣì ń sùn sí.

Màmá náà ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Láti ìgbà tí àìsàn ti mú ọ ni wọn ò ti dé Ìṣẹ́yìn, torí ẹ̀rù ń bà wọ́n pé bí àwọn bá fi wá sílẹ̀, ilé á tú. Lánàá, wọ́n wò wá níbi tí a ti ń jẹun, wọ́n ní, "Mo lè lọ báyìí. Ẹ ti lè dá wà." Wọn ò tíì sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọdún mẹ́ta. George ló máa fi ọkọ̀ gbé wọn lọ sí pápákọ̀ òfurufú.

Bó ṣe wà nìyẹn. Ara tù wá, Michelle, ìtura náà kò sì mú ọ kúrò lọ́kàn wa. A ń wá ọ nídìí tábìlì, a ń wá ọ nínú ọkọ̀, a ń wá ọ nígbà tí ọ̀rọ̀ ẹ̀rín bá ṣẹlẹ̀ tí kò lè yé ẹlòmíràn. Ìfẹ́ tí a ní sí ọ kò fi nǹkan kan dín sí ti ọjọ́ tí o wà pẹ̀lú wa. Sùn re, ìyàwó wa, ìyá Ọpẹ́.

Àwa ẹbí rẹ ni:
Adédàpọ̀, Ọpẹ́olúwa, Màmá Adétóun,
àti George, ẹ̀gbọ́n rẹ.